Ìpẹtà Ara: Ohun Tí Àgbo Kò Lè Bá Wa Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ wa sọ ní ìpàdé ọlọ́dọọdún, bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó dìde.

    

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Ẹ mọ̀ mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dá Ifá ní òwúrọ̀, tó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ọ̀sán. Èmi kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Orí ohùn àti ìró èdè Yorùbá ni mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Nítorí náà, ohun tí n ó sọ lónìí ni ohun tí mo kà, ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, àti ohun tí ara mi fi kọ́ mi. Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan tí n ó bẹ̀ yín ní ìparí. Ẹ̀bẹ̀ náà kan tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kò ní ki ẹsẹ̀ Ifá kankan. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ tán nínú mi. Ó ti di àṣà wa pé bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bá ti rí nǹkan kan, a ó sáré wá ẹsẹ̀ tó jọ ọ́, a ó sì ní Ifá ti sọ ọ́ tipẹ́. Irú ìyìn bẹ́ẹ̀ kò yẹ Ifá. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kí ló dé tí ara tiwa kò fi yàtọ̀ sí ti aládùúgbò wa?

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ṣe àìsùn Ifá mẹ́ta láàárín oṣù kan. Mo ń mu ọtí kí oorun má baà gbé mi lọ, mo ń jẹ obì títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì ń ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí kíláàsì. Nọ́ọ̀sì kan tí mo tẹ̀ nífá wá kí mi nílé, ó rí ojú mi, ó ní kí n na apá. Ẹ̀jẹ̀ mi ka 168 lórí 104. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ọtí ni èèwọ̀ mi. Kí ni èèwọ̀ tiyín?” N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ló rán mi lọ sí ìdí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí irin. Ẹ̀yin ọmọ Ògún mọ̀ pé àdá tí a gbàgbé sínú ìrì yóò dípẹtà. Ohun tó ń jẹ irin náà ni ọ́síjìn, èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú. Ohun tó ń gbé wa ró ló ń jẹ irin, ó sì ń jẹ àwa náà díẹ̀díẹ̀.

Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa ni ààrò kéékèèké wà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mitochondria. Ibẹ̀ ni ara ti ń fi ọ́síjìn dáná oúnjẹ kí agbára lè jáde. Kò sì sí ààrò tí iná rẹ̀ kì í ta sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń rí. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa fẹ́ rìn ní méjì-méjì bí tọkọtaya. Ohun tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ bá ku ẹyọ kan kì í fara balẹ̀; a já ti ẹlòmíràn gbà. Ẹni tí ó já tirẹ̀ gbà náà di aláìlẹ́nìkejì, òun náà a sì wá ẹni tí yóò já tirẹ̀ gbà. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní free radical. Èmi ń pè é ní àpọ́n, nítorí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó gbé ìwà rẹ̀ yọ tó bẹ́ẹ̀. Bí àpọ́n bá pọ̀, wọn a ba ọ̀rá tó yí sẹ́ẹ̀lì ká jẹ́, wọn a ba DNA jẹ́, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ tí a jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá.

Ní ọdún 1956, Denham Harman ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àpọ́n yìí ló ń sọ wá di arúgbó. Ní ọdún 1969, Joe McCord àti Irwin Fridovich ní Yunifásítì Duke ròyìn ẹ́ńsáìmù kan nínú ara tó jẹ́ pé mímú irú àpọ́n kan rọlẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ni ó hàn pé ara ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1985, Helmut Sies, ọmọ Jámánì, gbé ìwé jáde lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àpọ́n bá pọ̀ ju ẹ̀ṣọ́ lọ. Ohun náà ni mo ń pè ní ìpẹtà ara. Ó lọ́wọ́ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń le, nínú àtọ̀gbẹ, nínú oríṣi jẹjẹrẹ kan, àti nínú ojú tó ń ṣú. Kì í dunni nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fojú kéré rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ àpọ́n di ọ̀tá. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ogún ọdún ṣàlàyé fún ayé pé Èṣù kì í ṣe Sàtánì, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún yín. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun a máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti fi pa kòkòrò àrùn. Ara tí kò ní wọn rárá kò lè jagun. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà, ìṣe ojoojúmọ́ wa ló sì ń gbé ìwọ̀n náà sókè tàbí sílẹ̀. Márùn-ún ni mo fẹ́ kà nínú àwọn ìṣe yẹn.

Èkíní ni èéfín. Ẹni tó fa sìgá ẹ̀ẹ̀kan, àpọ́n tó fà símú kò níye. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà wọn àmì ìpẹtà ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn amusìgá, ó sì ga ju ti àwọn tí kì í mu ún. Nígbà tí àwọn amusìgá fi sìgá sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àmì náà lọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ̀yin awo! Kò tilẹ̀ tó ìtàdógún kan. Èéfín kò sì pin sí sìgá. Èyí tó ń jáde lára igi ìdáná wà níbẹ̀, ti jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sẹ́yìn fèrèsé wà níbẹ̀, ti ọkọ̀ akẹ́rù lójú títì náà wà níbẹ̀. Eruku wọn tó kéré ju ohun tí ojú lè rí a máa wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ bí àpọ́n. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí fún àwọn aboyún kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, àwọn yòókù sì ń bá igi àti kẹrosíìnì lọ. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2017: iye ìsàlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó gba sítóòfù tuntun dára ju ti àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ kí a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé, kí a sì ṣí fèrèsé ilé ìdáná.

Èkejì ni ọtí. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú ọtí palẹ̀. Bó ṣe ń tú u ni ó ń sọ ọ́ di májèlé kan tó ń ba DNA jẹ́, iṣẹ́ náà a tún bí àpọ́n, a sì máa jẹ glutathione run, èyí tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ẹ̀dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu. Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín. Bàbá kan ti bi mí rí pé, “Ọ̀mọ̀wé, ṣé omi nìkan ni kí a wá máa fi bọ Ògún ni?” Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọtí tí a ta sílẹ̀, ti ilẹ̀ àti ti òrìṣà ni. Ìgò tó kù lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Tiwa ni, òun ni mo sì ń bá wí. Ògún kò rán ẹnikẹ́ni lọ sídìí párágà ní gáréèjì ní aago méje òwúrọ̀. Ewé tí a rẹ sínú ògógóró kò sọ ògógóró di omi.

Ẹ̀kẹta ni àìsùn, èyí tó kàn wá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Àwọn onímọ̀ nípa oorun gbà pé ó kéré tán, àgbàlagbà nílò wákàtí méje lóru. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Harvard ròyìn pé nígbà tí wọn kò jẹ́ kí eṣinṣin àti eku sùn, àpọ́n kó jọ sínú ìfun wọn, àwọn eṣinṣin náà sì kú láìtọ́jọ́. Eṣinṣin kì í ṣe ènìyàn, mo mọ̀. Àìsùn Ifá ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kọ́ ni mo sì ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe àìsùn lóru Sátidé, tó tún di fóònù mú títí di aago méjì òru ní Ọjọ́rú, kì í ṣe Ifá ló ń ṣọ́.

Ẹ̀kẹrin ni oúnjẹ. Níhìn-ín ni a ti ní ohun rere tí a ń fi ọwọ́ ara wa bà jẹ́. Èròjà tó mú kárọ́ọ̀tì pọ́n náà ló wà nínú epo pupa, fítámì E sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí a bá yọ́ epo títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí nítorí ayamáṣe, ẹ̀ṣọ́ la lé lọ yẹn. Òróró tí a fi ń dín àkàrà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, tó ti dúdú, ti dípẹtà kó tó dé ẹnu wa. Ẹ̀fọ́ tí a gé kí a tó fọ̀ ọ́, tí a bọ̀, tí a sì fún omi rẹ̀ dànù, fítámì C rẹ̀ púpọ̀ ti bá omi lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, kó má sì pẹ́ lórí iná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ ó kéré tán 400 gíráàmù èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́. A ní tẹ̀tẹ̀, a ní ṣọkọ, ewédú, ewúro, tòmátì, àlùbọ́sà, ọsàn, ìbẹ́pẹ àti àgbálùmọ̀. Síbẹ̀, ẹ wo abọ́ wa: òkèlè rẹpẹtẹ, ẹ̀fọ́ bí ìtọ́wò, ẹlẹ́rìndòdò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ìjókòó. Ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá a máa mí gulegule, ààrò inú rẹ̀ a máa jó, àpọ́n a sì pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ara tó bá ń rí irú ìdánwò kékeré bẹ́ẹ̀ déédéé a máa pèsè ẹ̀ṣọ́ púpọ̀ sí i. Ohun tí àwọn bàbá wa ń rí gbà lójú ọ̀nà oko nìyẹn, láìsan kọ́bọ̀. Ìṣẹ́jú 150 ìrìn kíákíá lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré jù. Àwa tí a ń jókòó lórí ẹní láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ jẹ́ kí a dìde.

Nísinsìnyí, ẹnìkan yóò sọ pé: bí àpọ́n bá pọ̀, kí ló dé tí a kò kàn ra ẹ̀ṣọ́ nínú ìgò? Lára àwọn eṣinṣin tí mo dárúkọ, ó ṣiṣẹ́: àwọn tí wọ́n fún ní adènà-ìpẹtà kò kú bí ti àwọn yòókù. Lára ènìyàn ńkọ́? Àwọn ará Fínláńdì kó ọkùnrin 29,133 jọ, gbogbo wọn amusìgá, ọjọ́ orí wọn láti 50 sí 69. Wọ́n fún àwọn kan ní hóró oògùn tó ní èròjà pupa inú kárọ́ọ̀tì yẹn fún ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ. Èsì jáde ní ọdún 1994. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kò dín kù lára àwọn tó gbé e mì. Ó fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àwọn tí kò gbé e mì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ fún àwọn amusìgá, àwọn tó ti mu ún rí, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn gbé eruku asbestos wọ̀ lára. Ní oṣù kìíní ọdún 1996, wọ́n dá a dúró kó tó parí, nítorí tiwọn fi ìdá 28 pọ̀. Ní ọdún 2009 ẹ̀wẹ̀, Michael Ristow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe eré ìdárayá ní fítámì C àti E púpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àǹfààní tí eré náà ń ṣe fún bí ara ṣe ń lo ṣúgà kò hàn lára wọn mọ́; ó hàn lára àwọn tí kò lo fítámì náà. A ti ti ẹ̀ṣọ́ àjèjì wọlé, ti ilé kò sì jí.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí kò jìnnà sí wa. Ẹ́ńsáìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní G6PD, tó ń gba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa lọ́wọ́ ìpẹtà. Láàárín àwa Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ni tirẹ̀ kò tó. Ní Ìbàdàn ni Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwádìí tó jáde ní ọdún 1969, tó fi hàn pé kòkòrò ibà kì í gbilẹ̀ dáadáa nínú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ́ńsáìmù yìí kò tó nínú rẹ̀. Ohun tó gba àwọn bàbá ńlá wa lọ́wọ́ ibà wá di ewu fún ọmọ wọn nígbà tó bá lo oògùn kan tí kò bá a mu, tàbí tó bá ń fa òórùn hóró funfun tí a ń kó sínú àpótí aṣọ símú. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa fọ́, ojú rẹ̀ a pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ a dúdú. Kí ni a ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàárín ara wa? Èèwọ̀ ni. Ohun tí ẹnìkan ń jẹ tó ń sanra ni ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sá fún. Ìdí nìyẹn tí babaláwo fi ń béèrè lọ́wọ́ Ifá nípa ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà wo ni a wá bẹ̀rẹ̀ sí í po àgbo kan ṣoṣo fún gbogbo orí?

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí o. Lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà ni ìgò àgbo kan wà tí ẹgbẹ́ wa ń tà. A kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń fọ ìpẹtà ara, ó ń dá ọjọ́ orí padà, ó sì ń tún ohun tí sìgá àti ọtí bà jẹ́ ṣe. Èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn. Ẹ ní kí n bá yín wá Yorùbá tó dára, mo sì wá a. Mo tò ó kí ohùn rẹ̀ lè lọ déédéé létí. N kò béèrè bóyá òótọ́ ni.

Ní oṣù tó kọjá, awakọ̀ kan gbé mi. Sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgò wa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀. Mo ní, “Bọ̀dá, sìgá yìí ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má mikàn, bàbá. Àgbo yìí ń fọ̀ ọ́.” Ó sì ka gbólóhùn mi fún mi láti orí, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú tì mí títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé owó ìgò yẹn ló san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ awo mẹ́rin lọ́dún yìí. N kò sọ pé ewé wa kò ní iṣẹ́. Ewé tó ní iṣẹ́ kò nílò irọ́ tèmi. Mo ń bẹ̀ yín kí a bó ìwé yẹn kúrò lára ìgò lónìí, kí a tó túká. Ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ ewé tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, kí a sì kọ ohun tí a fi rẹ ẹ́. Bí owó ilé ẹ̀kọ́ bá dín kù, èmi yóò san ti ọmọ kan nínú wọn.

Ohun kejì tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò náni ní nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ́dọ̀ wa nítorí ara tí kò yá, kí a bi í léèrè bó ṣe ń sùn, ohun tó ń mu, ohun tó ń fà símú, kí a sì rán an lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kí a tó ka ẹbọ fún un. Ẹbọ ni ohun tí a yọ̀ǹda. Ẹni tó rú ewúrẹ́, tí kò sì yọ̀ǹda ìgò ọtí rẹ̀, ewúrẹ́ nìkan ló rú. Kí olúkúlùkù wa mú ohun kan nínú márùn-ún tí mo kà, kó fi í ṣe ẹbọ fún ìtàdógún kan, kó sì tún un ṣe nígbà tí ó bá pé.

Ní ti èmi, nọ́ọ̀sì yẹn ti gba èsì rẹ̀. Mo ń lo oògùn tí dókítà fún mi, mo ń rìn láti ilé dé ibi iṣẹ́, ìgò ọtí kò sì sí nínú yàrá Ifá mi bí kò ṣe èyí tí a ó ta sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wọn ẹ̀jẹ̀ mi kẹ́yìn: 132 lórí 84. Ó ní ó kù díẹ̀. Mo gbà pé ó kù díẹ̀.

Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí a fi ẹnu wa ta ara wa. Kí ara wa má dípẹtà kí ọjọ́ wa tó pé.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.